Ẹ̀wù Òtútù Bàbá Ọdẹ: Òru Ọyẹ́ Kan ní Aládé-Ìdànrè

Àwọn àgbà ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Èmi náà kí aṣọ ní Aládé nínú ọyẹ́ tó kọjá, ṣùgbọ́n mo ṣì í kí, ojú sì tì mí kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ fara balẹ̀ kí n rò fún yín, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tó ń ta aṣọ lọ́jà, ó kan ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé, ó sì kan ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ lè mú un wà níta lóru nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́.

Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ní Àkúrẹ́ tó kọjú sí ìhà gúúsù, ìrìn nǹkan bí 20 kìlómítà ni yóò gbé e dé Ìdànrè. Kí ó tó débẹ̀ ni yóò ti máa rí àwọn àpáta ràbàtà lọ́ọ̀ọ́kán, tí wọ́n dúró bí agbo erin tó fẹ́ lọ mu omi. Ìlú pàtàkì mẹ́ta ló wà ní ẹsẹ̀ òkè wọ̀nyí: Òdòde, Aládé àti Ìròwò. Láyé àtijọ́, orí òkè ni àwọn ará Ìdànrè tẹ̀dó sí. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ààfin àtijọ́ tí Ọwá ń gbé ṣì wà lókè lọ́hùn-ún, àtẹ̀gùn tí a fi ń gun ibẹ̀ sì lé ní 600. Ní ọdún 2007, Nàìjíríà kọ orúkọ ibẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi tí ó fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé.

Ọ̀pọ̀ àlejò ló jẹ́ pé àtẹ̀gùn yẹn nìkan ni wọ́n mọ̀. Wọn a gun òkè, wọn a ya fọ́tò, wọn a sì padà sílé. Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí Aládé ni mo ti fẹ́ ìyàwó. Nígbà tí ilé-ìwé bá gba ìsinmi Kérésìmesì, ọ̀dọ̀ àwọn àna mi ni à ń lọ. Mo mọ bí kòkó ti ń rùn nígbà tí wọ́n bá sá a sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo sì mọ bí àwọn òkè náà ti ń fara pamọ́ ní òwúrọ̀ ọyẹ́, tí eruku a bò wọ́n mọ́lẹ̀, tí ènìyàn a fi rò pé ẹnìkan ti jí wọn gbé lóru.

Ẹ mọ ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá ni, àárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ló sì máa ń dé. Lọ́sàn-án, oòrùn a mú. Lóru, òtútù a mú. Nínú ìlú, ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ tó sì fi kúbùsù bora kò ní mọ̀ ọ́n lára púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òkè Ìdànrè ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà sí òkun, bí ènìyàn bá sì ti ń gòkè ni òtútù ń pọ̀ sí i: nínú 1,000 ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, ooru afẹ́fẹ́ a máa dín ní nǹkan bí ìwọ̀n 2 ti Sẹ́ńtígíréèdì. Àpáta tí oòrùn yan lọ́sàn-án a sì tutù kí àkùkọ tó kọ. Ta ni yóò wá wà níta níbẹ̀ ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀? Ọdẹ ni.

Àbúrò ìyàwó mi ní oko ẹ̀gẹ́ kan lábẹ́ àpáta, ọ̀yà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán. Ó bẹ bàbá ọdẹ kan ní Aládé, àgbàlagbà tó ti lé ní 70 ọdún, kí ó bá òun ṣọ́ oko náà lóru ọjọ́ kan. Nígbà tí mo gbọ́, mo ní èmi náà yóò bá wọn lọ. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé nípa iṣẹ́ ọdẹ, bẹ́ẹ̀ n kò gun ẹ̀gùn rí láyé mi. Mo rò pé ìtìjú ni kí olùkọ́ máa fi ẹnu lásán dẹ̀gbẹ́.

Nígbà tí bàbá dé ní ìrọ̀lẹ́, díẹ̀ ló kù kí n bú sẹ́rìn-ín. Lábẹ́ gbérí ọdẹ rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù òtútù kan tó ní àwọ̀ ilẹ̀, tí kòkòrò ti dá lu lọ́rùn, tí wọ́n sì fi aṣọ aláwọ̀ mìíràn lẹ̀ ní ìgúnpá méjèèjì. Ó dé fìlà òtútù kan tó ti ṣá. Ìbọn rẹ̀ mọ́ ju ẹ̀wù rẹ̀ lọ. Ní tèmi, mo wọ jákẹ́ẹ̀tì ọ̀rá tuntun kan tó ń dán yanran. Àbúrò ìyàwó mi wọ ẹ̀wù òtútù kan tó nípọn bí ìrọ̀rí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́jà. Ẹni tó tà á fún un ti búra pé ògidì irun àgùntàn òyìnbó ni.

Mo ní, “Bàbá, bí mo bá padà dé Àkúrẹ́, n ó ra ẹ̀wù tuntun ránṣẹ́ sí yín o.”

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Tíṣà, o ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ná.”

A kò rìn jìnnà tí ẹ̀kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì mi ń ké ṣàà, ṣàà, nígbàkúùgbà tí mo bá gbé apá. Bàbá dúró. Ó ní, “Tíṣà, ọ̀yà ní etí. Bọ́ nǹkan yẹn.” Mo bọ́ ọ, mo ká a mọ́ abíyá. Òun fúnra rẹ̀ sì ṣe ohun tó yà mí lẹ́nu: nígbà tí a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí gun ibi tó ga, ó bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó ká a sínú àpò ọdẹ, ó sì ń lọ tòun ti gbérí nìkan. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní, “Ẹni tó bá fi òógùn fọ ẹ̀wù rẹ̀ lójú ọ̀nà, kí ni yóò wọ̀ nígbà tó bá jókòó?”

Àbúrò ìyàwó mi kò bọ́ tirẹ̀. Òógùn bò ó. Nígbà tí a sì dé ibi odò kékeré kan tó ń ṣàn láàárín òkúta, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú sínú omi, ó tutù dé ọrùn. A fà á jáde. Bàbá ní kí ó padà sílé lọ pààrọ̀ aṣọ. Ó ní rárá, pé ẹ̀wù òun nípọn, yóò gbẹ mọ́ òun lára. Èmi náà gbè é lẹ́yìn, nítorí n kò fẹ́ kí ìrìn náà bàjẹ́. Ẹ̀bi mi ni, mo sì gbà á.

Pẹpẹ igi ni ẹ̀gùn náà, wọ́n dè é mọ́ ara igi méjì létí oko. A gùn ún ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Bàbá yọ ẹ̀wù rẹ̀ láti inú àpò, ó wọ̀ ọ́ ní gbígbẹ, ó sì dákẹ́. Ẹni tí kò bá gun ẹ̀gùn rí lè rò pé ìsinmi ni. Ìjókòó yẹn gan-an ni òtútù ń dúró dè. Nígbà tí ènìyàn ń rìn, ara rẹ̀ ń dá iná fún un. Nígbà tó bá jókòó láìmira, iná náà a rẹlẹ̀. Ọdẹ tó wà lórí ẹ̀gùn kò gbọdọ̀ wúkọ́, kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ pa ọwọ́, kò sì gbọdọ̀ dáná yá.

Nígbà tó di nǹkan bí aago kan òru, afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ láti orí àpáta wá. Eyín mi ń lu ara wọn. Àbúrò ìyàwó mi ti ń gbọ̀n láti ìgbà pípẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí pẹpẹ ń mì. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró. Mo rò pé ara rẹ̀ ti yá ni. Tọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mọ̀. Mo rọra bi í pé kí ló dé. Ó dá mi lóhùn bí ẹni tí ẹmu ń pa, ó ń wọ́ ọ̀rọ̀ nílẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun sùn.

Àkókò yẹn gan-an ni a gbọ́ ọ̀yà. Wọ́n ti wọ oko. À ń gbọ́ bí wọ́n ti ń fi eyín gé ẹ̀gẹ́. Bàbá ti gbé ìbọn lé èjìká. Mo fi ọwọ́ kàn án, mo sọ ohun tí mo rí fún un létí. Ó wo ọmọkùnrin náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé ìbọn kalẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ sókè, kò tún bìkítà fún ọ̀yà kankan mọ́. Ó ní, “Ẹ̀gẹ́ ló ń bàjẹ́ lọ́hùn-ún, ènìyàn ló ń bàjẹ́ níbí. Tíṣà, jẹ́ ká gbé e sọ̀ kalẹ̀.”

Ẹ fi etí sí ohun tí bàbá ṣe, nítorí ó lè gba ẹ̀mí là lọ́jọ́ mìíràn. A gbé e lọ sábẹ́ àpáta kan tí afẹ́fẹ́ kò dé. Bàbá bọ́ gbogbo aṣọ tútù kúrò lára rẹ̀, ó fi aṣọ ìnura tí mo so mọ́ ọrùn nù ún gbẹ. Ó bọ́ ẹ̀wù òtútù ara rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ fún un. Ó ṣí fìlà, ó dé e fún un títí ó fi bo etí. Ó ní kí n kó ewé gbígbẹ tẹ́lẹ̀ kí ara ọmọ náà má baà kan òkúta. Ó ní kí èmi àti òun jókòó tì í lọ́tùn-ún lósì kí ooru ara wa lè ràn án. Jákẹ́ẹ̀tì ọ̀rá mi ni a fi bò ó lókè kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé. Ibẹ̀ nìkan ló ti wúlò lóru ọjọ́ náà. Nígbà tó lè di ife mú fúnra rẹ̀ ni bàbá tó jẹ́ kí n fún un ní tíì oníṣúgà tí ìyàwó mi dì sínú fíláàsì, díẹ̀díẹ̀.

Ìgò ògógóró kékeré kan wà lápò ọmọ náà. Mo ní kí a fún un mu kí ara rẹ̀ lè gbóná. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Mo ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà nígbà tí mo padà sílé, mo sì rí i pé bàbá ló jàre. Ọtí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ wá sí awọ ara. Ẹni tó mu ún a rò pé ara òun gbóná, ṣùgbọ́n ooru inú rẹ̀ ló ń tú dànù.

Ìwé náà tún kọ́ mi pé ara ènìyàn a máa gbóná tó ìwọ̀n 37, àti pé bí ooru inú bá lọ sílẹ̀ ju 35 lọ, ewu ti dé. Kò di ìgbà tí omi bá dì bíi ti ìlú òyìnbó. Aṣọ tútù, afẹ́fẹ́, àti ìjókòó sójú kan tó láti fà á, ní ilẹ̀ wa níbí. Bí ẹni tí òtútù ń mú bá ṣíwọ́ gbígbọ̀n láìjẹ́ pé ó rí ooru, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì já gaara mọ́, ẹ má ṣe sọ pé oorun ló ń kùn ún. Ẹ bọ́ aṣọ tútù kúrò lára rẹ̀, ẹ fi èyí tó gbẹ bò ó, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Nígbà tó ṣe, ọmọ náà tún bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Àyà mi já. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ní òkú kì í gbọ̀n. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó la ojú, ó bi wá pé ọ̀yà mélòó ni a pa. Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, omi sì jáde lójú mi. Gbérí nìkan ni bàbá fi jókòó títí di ìdájí, kò sì sọ̀rọ̀ òtútù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A mú ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò ní nǹkan mọ́.

Nígbà tí a délé, bàbá jókòó ti ààrò ìyá ìyàwó mi. Ó ní kí n mú ẹ̀wù òtútù ọmọ náà wá, èyí tí wọ́n búra lé lórí lọ́jà. Ó fa fọ́nrán òwú kan yọ lára tirẹ̀, ó sì fa ọ̀kan yọ lára ti ọmọ náà. Ó fi iná kan ti ara rẹ̀. Ó rọra jó, ó ń rùn bí irun orí tí iná rà. Bí ó ti gbé e kúrò nínú iná ló kú, eérú rẹ̀ sì fọ́ lẹ́búlẹ́bú láàárín ìka. Ó fi iná kan ti ọjà. Ó yọ́, ó ń kán, ó ń rùn bí ike tó ń jóná, nígbà tó sì tutù, ó di kókó dúdú líle kan. Bàbá ní, “Tíṣà, àgùntàn wo ló ń bí ọ̀rá?”

Mo bi í pé níbo ló ti kọ́ ọgbọ́n yìí. Ó ní ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń ta òkìríkà ni, ní nǹkan bí 30 ọdún sẹ́yìn, nígbà tó ra ẹ̀wù tó wà lára rẹ̀ yẹn gan-an. Ìlú Okrika tó wà létí omi ní Ìpínlẹ̀ Rivers ni a fi ń pe aṣọ àlòkù bẹ́ẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ti ń já wọn sílẹ̀ nígbà kan rí. Ìjọba àpapọ̀ ti fi kíkó wọn wọ̀lú sára ohun tí òfin kọ̀, síbẹ̀ kò sí ọjà tí a kì í ti í rí wọn. Obìnrin yẹn lè parọ́ fún ọdẹ tí kò mọ ìwé, ta ni ìbá mú un? Ṣùgbọ́n ó tanná ran fọ́nrán òwú lójú oníbàárà rẹ̀. Òótọ́ tó tà ní 30 ọdún sẹ́yìn ló gba àbúrò ìyàwó mi là ní àná.

Ẹlòmíràn lè bi mí pé, ṣé àgùntàn kò pọ̀ lójú pópó Aládé ni tí a fi ń wá irun rẹ̀ kiri? Ó pọ̀. Ṣùgbọ́n irun àgùntàn tiwa kúrú, ó sì nà bí irun ewúrẹ́. Kò ṣe é ran ní òwú. Nínú ooru ilẹ̀ wa, Ọlọ́run kò wọ ẹ̀wù òtútù fún un. Ẹ̀wù ọdẹ àwọn baba wa, kíjìpá òwú ni, ó nípọn, ó sì lágbára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìlú òyìnbó nìkan la ti ń rí irun àgùntàn tó ṣe é hun. Ní ilẹ̀ Mali, ní agbègbè Macina níbi tí Odò Ọya ti ń tàn ká ilẹ̀, àwọn Fúlàní ní àgùntàn onírun gígùn. Àwọn ahunṣọ wọn a máa fi í hun aṣọ ìbora tí wọ́n ń pè ní kaasa, èyí tí àwọn darandaran fi ń gba ara wọn lọ́wọ́ òtútù àti ẹ̀fọn.

Kí ni irun àgùntàn fi ju òwú lọ? Èkíní, kì í nà tọ̀ọ̀. Ó ká kóló, afẹ́fẹ́ a sì há sí àárín rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó há yẹn ló ń dí ooru ara mọ́lé. Èkejì, ó lè fa omi tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìwúwo ara rẹ̀ sínú kí ẹni tó wọ̀ ọ́ tó mọ̀ pé ó tutù. Òwú ní tirẹ̀ a mu omi yó, a lẹ̀ mọ́ ara, a sì máa fa ooru lọ. Ìdí nìyí tí kíjìpá fi dára nígbà tó bá gbẹ, tí kò sì ní àánú nígbà tó bá tutù. Ẹ̀kẹta, kì í ké nínú igbó bíi jákẹ́ẹ̀tì mi. Ẹ̀kẹrin, iná kì í tètè mú un, èyí sì ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń lo ẹ̀tù ìbọn.

N kò sọ pé ẹ̀wù ọ̀rá kò wúlò. Nígbà tó bá gbẹ, ó ń móoru, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Aṣọ òwú tí ọmọ náà wọ̀ sábẹ́ ló gba omi jù, àwa tí a kò jẹ́ kó padà sílé la sì jẹ̀bi jù lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ta ọ̀rá ní orúkọ irun àgùntàn fún un ló fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀ níbi tí kò yẹ kí ọkàn balẹ̀. Ní àwọn erékùṣù kan ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Scotland, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ tí à ń pè ní Harris Tweed, òfin ọdún 1993 sọ pé aṣọ tó bá ń jẹ́ orúkọ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ògidì irun àgùntàn, kí ará erékùṣù náà sì hun ún nínú ilé ara rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé irọ́ lórí aṣọ lè di ọ̀ràn sí ẹni tó gbà á gbọ́ lọ́rùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò aṣọ, ẹ máa fa fọ́nrán kan yọ ní ìsàlẹ̀ ìṣẹ́po ẹ̀wù, kí ẹ tanná ràn án kí ẹ tó búra. Ẹ sọ fún oníbàárà pé kò gbọdọ̀ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, nítorí yóò sún kì. Kí ó tẹ́ ẹ sí ibi òjìji kó gbẹ, kí ó sì fi káńfọ̀ sí i nítorí kòkòrò. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àbẹ́là kan àti fọ́nrán òwú méjì tó láti fi kọ́ gbogbo kíláàsì. Èmi ti ṣe é, ariwo àwọn ọmọ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé lọ.

Mo wá ògidì kan rí ní Àkúrẹ́, lẹ́yìn tí àwọn ìyá ọlọ́jà ti pariwo lé mi lórí nítorí ìṣáná ọwọ́ mi. Mo fi í ránṣẹ́ sí bàbá ní Aládé. Bàbá gbé e wọ àbúrò ìyàwó mi. Ó ní tòun ṣì dára, pé kí n bá òun wá òwú irun àgùntàn díẹ̀ tí òun ó fi dí ihò ọrùn rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì padà sórí ẹ̀gùn, wọ́n sì pa ọ̀yà méjì.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá rí ẹ̀wù alálẹ̀mọ́ lára àgbà, ènìyàn ni mo kọ́kọ́ ń kí.